Kí ẹ tó kọ “Environmental” sínú fọ́ọ̀mù JAMB

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń sọ pé “Environmental ni mò ń kà” tú báàgì wọn sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á kó ìwé fífẹ̀ tí ó ya àwòrán ilé sí jáde. Ẹni kejì á gbé ìgò omi gọ́tà àti ìwé kẹ́mísírì kalẹ̀. Ẹni kẹta á mú fọ́ọ̀mù jáde, èyí tí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sí nígbà tí ó lọ yẹ ilé oúnjẹ àti ilé ìgbẹ́ inú ọjà wò. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ́. Iṣẹ́ (subject) tí wọ́n jókòó sí nínú ìdánwò JAMB kò dọ́gba, ìgbìmọ̀ tí yóò sì fún kálukú ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í mọ̀ títí wọ́n á fi rí àtẹ ẹ̀kọ́ ọdún kìíní, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó ilé ẹ̀kọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo èyí. Ohun tó yí wa ká ni àyíká. Ilé tí a kọ́ yí wa ká, omi àti afẹ́fẹ́ yí wa ká, ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn náà yí wa ká. Àwọn tó dá ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ kò bára wọn jókòó kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ, kálukú kàn mú “environmental” lò. Ẹ jẹ́ ká pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ká sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé.

Ilé àkọ́kọ́: ohun tí ọwọ́ èèyàn kọ́

Ní Nàìjíríà, tí ẹ bá rí Faculty of Environmental Sciences, School of Environmental Studies tàbí School of Environmental Technology, iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Nínú irú fákọ́tì bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, yíya àwòrán ilé, ilé kíkọ́, ìṣàkóso dúkìá, ìṣirò owó ilé kíkọ́ àti ètò ìlú ni ẹ máa bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní OAU Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ orúkọ Environmental Design and Management, àti ní FUTA Àkúrẹ́ lábẹ́ Environmental Technology. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe bíi Yabatech àti Pólì Ìbàdàn náà ń pe tiwọn ní Environmental Studies.

Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà lórí igbó tí wọ́n ń gé, odò tí epo bà jẹ́ tàbí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, tí ó wá tọ orúkọ fákọ́tì lọ, á kàn bá ara rẹ̀ nídìí pátákó àwòrán ilé. Ẹ̀kọ́ tó níyì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó bá wá.

Ilé kejì: omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí

Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ kọ́ nípa àyíká. Ó máa ń jẹ́ Environmental Management, Environmental Science, tàbí Environmental Management and Toxicology. Èyí tó kẹ́yìn yìí wà ní FUNAAB, Abẹ́òkúta. Kì í ṣe inú fákọ́tì àwọn ayàwòrán ilé ló wà. Abẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń rí sí ọrọ̀ àyíká, tí wọ́n ń pè ní COLERM, ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ẹja, ẹ̀kọ́ igbó àti ẹranko, àti ẹ̀kọ́ omi òun ojú ọjọ́ fún àgbẹ̀. Nínú àwọn yunifásítì mìíràn, fákọ́tì sáyẹ́ǹsì ni ẹ ó ti wá a kàn. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń wò lábẹ́ fákọ́tì tí wọ́n kọ “environmental” sí nìkan lè máà rí ẹ̀kọ́ yìí rárá.

Ilé kẹta: wolé-wolé

Environmental Health ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa: wolé-wolé tó máa ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìlera ni. Lónìí, wọ́n ń kọ́ nípa oúnjẹ, omi mímu, kòkòrò tó ń gbé àrùn kiri, ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, àti òfin tó fún wọn lágbára láti fún èèyàn níwèé ìkìlọ̀. Òfin ọdún 2002 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìlera àyíká, bó ti wù kí ó mọ̀wé tó.

Kí ìyàtọ̀ yìí lè hàn kedere, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kún omi Ògùnpa ní Ìbàdàn, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ẹni tó kọ́ ètò ìlú ni yóò bèèrè ta ló fọwọ́ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò, báwo ni ilé náà ṣe jìnnà sí omi tó, àti ibi tó yẹ kí ojú àgbàrá gbà. Ẹni tó kọ́ Environmental Management ni yóò wọn ohun tí omi náà gbé wọnú kànga àti oko, yóò tú ìdọ̀tí tó dí odò wò láti mọ ibi tó ti wá, yóò sì ṣírò ohun tí iṣẹ́ gbígbẹ́ odò náà yóò ṣe fún àwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀. Wolé-wolé ni yóò sáré lọ síbi tí àwọn èèyàn sá sí, kí onígbáméjì má baà ṣẹ́ yọ. Ẹni tó kọ́ Meteorology and Climate Science, irú èyí tó wà ní FUTA, ni yóò sọ iye òjò tó rọ̀. Ẹ bi ọmọ yín pé èwo nínú iṣẹ́ mẹ́rin yìí ni ó rí ara rẹ̀ nídìí rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wúlò ju orúkọ tó dùn létí lọ.

Ta ni yóò fún yín ní ìwé àṣẹ?

Ní ilé àkọ́kọ́, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀: ARCON fún ayàwòrán ilé, TOPREC fún onímọ̀ ètò ìlú, SURCON fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ESVARBON fún àwọn onímọ̀ ìṣàkóso dúkìá, CORBON fún àwọn kọ́lékọ́lé. Wolé-wolé ní tirẹ̀ bákan náà. Ní ilé kejì, kò sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dá iṣẹ́ náà dì mú fún àwọn tó kà á nìkan. Ẹni tó kọ́ kẹ́mísírì, jiọ́lọ́jì, jiọ́gíráfì tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ lè du iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé orúkọ oyè nìkan kò ní gbà yín síṣẹ́. Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ yín ṣe nínú láàbù, nínú oko àti lórí kọ̀ǹpútà ni wọn yóò fi yàn yín. Ìdí nìyẹn tí a ó fi lo àkókò púpọ̀ lórí ilé kejì yìí.

Ẹnu ọ̀nà

Ìdánwò UTME tí JAMB ń ṣe ní iṣẹ́ mẹ́rin: Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìbéèrè 60, àti mẹ́ta mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 40. Ìbéèrè 180 lápapọ̀, wákàtí 2, máàkì 400. Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ bá yàn ló ń sọ ẹ̀kọ́ tí ẹ lè wọ̀. Fún Environmental Management, Kẹ́mísírì àti Báyọ́lọ́jì ló sábà máa ń ṣáájú, kí ẹ wá fi Físíìsì, Ìṣirò tàbí Jiọ́gíráfì kún un gẹ́gẹ́ bí yunifásítì bá ṣe fẹ́. Fún Environmental Health, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni. Yíya àwòrán ilé dúró lórí Ìṣirò àti Físíìsì, ètò ìlú dúró lórí Ìṣirò àti Jiọ́gíráfì, ìṣàkóso dúkìá sì dúró lórí Ìṣirò àti Ẹ̀kọ́ Ìṣúná Owó. Ẹni tó bá jókòó sí Ìṣúná Owó, tó gba máàkì 280, kò ní rí àyè nínú Environmental Management and Toxicology. Máàkì rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ ló wà fún.

JAMB ti gbé àkójọ àwọn iṣẹ́ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń bèèrè sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ IBASS. Ẹ ṣí i fúnra yín, kí ẹ tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ka ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀: UTME, ìwé ẹ̀rí girama, àti Direct Entry. Ẹ má fi ohun tí ẹni tó ń bá yín fi kọ̀ǹpútà forúkọ sílẹ̀ sọ ṣe ẹ̀rí.

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìjókòó kan tàbí méjì ni wọ́n ń gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn ọmọ ti sábà máa ń kọsẹ̀ ni Kẹ́mísírì: wọ́n yege nínú UTME, ṣùgbọ́n D7 ló wà nínú ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ gba Direct Entry wọ ọdún kejì, ND nínú Science Laboratory Technology sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn ilé kejì yìí. ND nínú Estate Management kì í ṣí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé School of Environmental Studies ló ti wá.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ wo ojú òpó NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe yunifásítì náà nìkan. Ìfọwọ́sí kíkún máa ń wà fún ọdún 5, ti onígbà díẹ̀ máa ń wà fún ọdún 2. Yunifásítì ńlá lè ní ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò tíì fọwọ́ sí.

Ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà

Ọdún 4 tàbí 5 ni, ó wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Láti ọdún 2023 ni àwọn yunifásítì ti ń lo ìlànà tuntun tí NUC ń pè ní CCMAS: NUC ló yan ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́, yunifásítì á fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, ẹ béèrè ìdá 30 yìí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá omi, ìwakùsà, igbó tàbí ìdọ̀tí ìlú ni wọ́n ń tẹnu mọ́.

Ọdún kìíní kò ní fi bẹ́ẹ̀ jọ ẹ̀kọ́ nípa àyíká. Kẹ́mísírì, Báyọ́lọ́jì, Físíìsì, Ìṣirò àti GST, ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́, ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rò pé wọ́n ṣì wọlé, wọ́n á wá dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo bí ìṣirò CGPA, ìyẹn àròpín máàkì yín, ṣe ń ṣe é. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Ẹ ó fi nọ́ńbà yìí lọ́po yúníìtì iṣẹ́ náà. Ká ní ẹnì kan gba C nínú CHM 101 tó jẹ́ yúníìtì 2, ìyẹn 6. A nínú CHM 107 tó jẹ́ yúníìtì 1, ìyẹn 5. B nínú MTH 101 oníyúníìtì 2, ìyẹn 8. A nínú BIO 101 oníyúníìtì 2, ìyẹn 10. D nínú GST 111 oníyúníìtì 2, ìyẹn 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 33 lórí yúníìtì 9, èyí tó jẹ́ 3.67. Ó ti wà nínú Second Class Upper, tó bẹ̀rẹ̀ láti 3.50. Tí ó bá wá jẹ́ pé F ló gbà nínú CHM 101 nìkan, 27 lórí 9 ló kù, ìyẹn 3.00. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mú un sọ̀ kalẹ̀ sí Second Class Lower. Ó ṣì gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, F náà kò sì ní kúrò nínú ìṣirò ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Láti ọdún kejì lọ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn: ìmọ̀ bí ohun abẹ̀mí ṣe ń bára wọn gbé, ilẹ̀, omi, ojú ọjọ́, ìṣirò dátà, òfin àyíká, àti toxicology, ẹ̀kọ́ nípa bí májèlé ṣe ń ṣiṣẹ́ lára. Ẹ má fojú tín-ínrín wo èyí tó kẹ́yìn yìí. Ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa ní ìpínlẹ̀ Zamfara, nítorí pé àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàrin àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Eruku náà kò ní òórùn, kì í sì í ta èèyàn lójú. Ẹni tó lè wọn ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ohun tó ń pa wọ́n.

Nínú láàbù, ẹ ó fi ẹja dán májèlé wò. Ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹja wà nínú omi náà fún wákàtí 96, ó kéré tán ìwọ̀n májèlé 5 tó yàtọ̀ síra, àti ẹja 7 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú agbada kan tí ẹ kò ní fi nǹkan kan sí. Tí ẹja tó kú nínú agbada tí kò ní májèlé bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílórínì sí, tí wọn kò jẹ́ kí ó sinmi, ló sábà máa ń fa irú rẹ̀.

Ìgò omi: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kí ó tó dé láàbù

Bí a bá ní ká sọ ohun kan tó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀, ọ̀nà tí ó gbà bu omi ni. Ìgò kan kò lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo àyẹ̀wò.

Omi tí ẹ fẹ́ wá irin inú rẹ̀, bíi òjé tàbí kádímíọ́mù, ìgò ike ni kí ẹ fi bù ú, kí ẹ sì kán ásíìdì náítíríìkì sí i títí pH rẹ̀ yóò fi wá sísàlẹ̀ 2. Láìṣe bẹ́ẹ̀, irin náà á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, láàbù á sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Omi tí ẹ fẹ́ wá epo tàbí oògùn apakòkòrò nínú rẹ̀, ìgò gíláàsì ni, nítorí pé ike máa ń fa epo mọ́ra. Èyí tí ẹ fẹ́ wá kòkòrò àrùn nínú rẹ̀, ìgò tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ ni, ẹ má ṣàn án nù lódò, ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè kí wọ́n lè mì í pọ̀. Ti ọ́síjìn yàtọ̀ sí èyí: ẹ kún ìgò náà dé ẹnu, kí atẹ́gùn kankan má ṣe kù síbẹ̀, kí ẹ sì fi manganese sulphate àti iodide oní-alkali sí i lójú ẹsẹ̀ létí odò. Ẹ gbé ìyókù sínú kúlà oníyìnyín. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí GPS sọ àti ìwọ̀n ooru omi sára ìgò náà pẹ̀lú pẹ́ńsù tí omi kò lè pa rẹ́. Ìgò tí kò ní àkọsílẹ̀ kò yàtọ̀ sí omi àgbàrá.

BOD ni àyẹ̀wò tí ẹ ó ṣe jù. Ó ń sọ iye ọ́síjìn tí kòkòrò inú omi yóò jẹ láàrin ọjọ́ 5 bí wọ́n ṣe ń jẹ ìdọ̀tí. Wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn ní ooru 20°C. Ká ní ẹ fi mílílítà 15 omi gọ́tà sínú ìgò mílílítà 300, tí ẹ fi omi tó mọ́ kún ìyókù. Ẹ ti là á ní ìlọ́po 20. Tí ọ́síjìn bá jẹ́ 8.0 mg/L lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì di 3.5 lọ́jọ́ karùn-ún, ìyàtọ̀ jẹ́ 4.5, ẹ fi 20 lọ́po rẹ̀, BOD jẹ́ 90 mg/L. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn má là á tó. Ọ́síjìn á tán lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀n ọjọ́ karùn-ún á jẹ́ òdo, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè tún un ṣe. Ó yẹ kí ọ́síjìn tí wọ́n jẹ tó 2 mg/L ó kéré tán, kí èyí tó ṣẹ́ kù sì tó 1 mg/L. Nítorí náà, ẹ ṣe ìlà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ká sọ mílílítà 5, 15 àti 30, kí ọ̀kan lè bọ́ sójú ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ náà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé ewé omi tó wà nínú ìgò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ́síjìn tuntun. Bí iná bá sì lọ lóru méjì, tí ẹ̀rọ tí ìgò náà wà nínú rẹ̀ gbóná dé 30°C, kòkòrò á jẹun kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, BOD á sì pọ̀ ju òótọ́ lọ. Tí iná bá lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi pa mọ́.

Ní ti ilẹ̀, ẹ máa ń gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 0 sí 15 lọ́tọ̀, 15 sí 30 lọ́tọ̀. Ẹ sá a síbi òjìji, ẹ sẹ́ ẹ nínú asẹ́ oníhò mílímítà 2. Ṣọ́bìrì tí wọ́n fi zinc bò kò yẹ fún ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wá zinc nínú rẹ̀.

Máàpù lórí kọ̀ǹpútà

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kì í gba owó. Àwòrán Landsat, tí sátẹ́láìtì ń yà láti òfúrufú, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 30, kì í gba owó. Sentinel-2 tó jẹ́ mítà 10 náà kì í gba owó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Àṣìṣe tó ń dójú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n da ìlànà méjì tí a fi ń wọn ibi tí nǹkan wà pọ̀: fóònù ń lo WGS 84, ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà sì sábà máa ń lo Minna. Tí ẹ bá gbé méjèèjì léra láìyí wọn padà, kànga yín á sún tó bí ọgọ́rùn-ún mítà, yóò sì bọ́ sínú ilé onílé. Fún Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, UTM Zone 31 apá àríwá ni kí ẹ yàn.

SIWES àti iṣẹ́ àṣekágbá

SIWES ni àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ níta ilé ẹ̀kọ́. Àjọ ITF ló ń darí rẹ̀ láti ọdún 1973. Oṣù 6 ló máa ń jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 5, ó lè kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ti ọlọ́dún 4. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan: láàbù omi, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí, àjọ àyíká ìpínlẹ̀ bíi LASEPA, tàbí iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò àyíká fún àwọn oníṣẹ́. Ẹ kọ ìwé béèrè ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ máa kọ lógbúùkù lójoojúmọ́, ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìparí kí ó tó kọ ọ́ á máa rántí àwọn ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá ọdún ìkẹyìn ni èyí tí agbanisíṣẹ́ yóò béèrè jù. Ẹ wo àkòrí kan tó wọ́pọ̀: bí ààtàn Olúṣosùn ní Èkó ṣe ń ba omi kànga jẹ́. Ọ̀pọ̀ yóò bu omi kànga 5 lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á rí irin díẹ̀, wọ́n á sì kọ pé ààtàn ló fà á. Kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ibo ni kànga tó wà lápá òkè, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń bọ̀ kí ó tó dé ààtàn? Ibo ni ìwọ̀n ti àkókò òjò, nígbà tí omi ìdọ̀tí ń jò wọlẹ̀? Kànga tó jìn ní mítà 50, 200 àti 500 sí ààtàn ńkọ́? Bí owó kò bá tó, ẹ dín ohun tí ẹ ń wá kù. Irin mẹ́ta tí ẹ wọ̀n dáadáa nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sàn ju mẹ́wàá tí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ.

Níbo ni iṣẹ́ wà?

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1988, wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní ìlú Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Kò sí àjọ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mójú tó irú rẹ̀ nígbà náà. Ìjọba dá FEPA sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ní 1992, òfin EIA jáde, tó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe fún àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2007, NESREA gba ipò FEPA. Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì mú: ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì kò sí lọ́wọ́ NESREA. NOSDRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló ń rí sí epo tó bá dànù.

Iṣẹ́ EIA ló ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ ilé kejì. Wọ́n á forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, wọ́n á pinnu ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀n, wọ́n á lọ sí oko nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kọ àbọ̀, wọ́n á gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí á jáde. Ẹni tó mọ omi bù, tó mọ máàpù yà, tó sì lè kọ àbọ̀ tó yéni, kì í pẹ́ kí ó tó ríṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó lè bá àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tó gún régé nígbà ìpàdé ará ìlú wúlò gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń forí ṣánpọ́n.

Fún àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣàkíyèsí lẹ́tà tó wà níwájú: B.A. nínú Environmental Studies sábà máa ń dá lórí òfin, ètò ìjọba àti ọ̀rọ̀ àwùjọ, nígbà tí B.S. nínú Environmental Science ní kẹ́mísírì àti ìṣirò dátà púpọ̀. Ní England, ọdún 3 ni, ní Scotland ọdún 4. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni UCAS, àjọ tó ń gba ìwé béèrè fún àwọn yunifásítì ibẹ̀, gbà yín láyè láti yàn, ẹ sì lè wò ó bóyá Institution of Environmental Sciences ti fọwọ́ sí èyí tí ẹ yàn.

Bí ẹ bá ti wọ ilé tí kì í ṣe tiyín

Tí ẹ kò bá tíì gba ìwé ìwọlé, ẹ lè ṣe àyípadà ẹ̀kọ́ lójú òpó JAMB. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ dúró di ìparí ọdún kìíní kí ẹ tó béèrè fún àyípadà nínú yunifásítì náà. Wọ́n á wo CGPA yín, wọ́n á wo àwọn iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní UTME, wọ́n á sì wo ìwé ẹ̀rí girama. Ẹni tó wá láti ìṣàkóso dúkìá tí kò ní Kẹ́mísírì á kọ́kọ́ lọ jókòó sí i nínú WAEC tàbí NECO ti aládàáni, bí ìjókòó rẹ̀ kò bá tíì pé méjì. Ó lè ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, nítorí pé iṣẹ́ tó ti ṣe kò wọlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ rí i dájú pé yunifásítì fi tó JAMB létí, kí orúkọ ẹ̀kọ́ tuntun náà wà nínú ìwé ìwọlé yín. Àkọsílẹ̀ JAMB ni NYSC ń wò. Bí tibẹ̀ bá ṣì jẹ́ Estate Management, tí ìwé ẹ̀rí yín sì jẹ́ Environmental Management, orúkọ yín kò ní jáde nínú àwọn tó ń lọ sìn ilẹ̀ bàbá títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ tún un ṣe ní ọdún kejì, kí lẹ́tà àyípadà náà sì wà nínú fáìlì yín.